Fọ́tò ní Kumasi: Ta Ni Ó Ni Àwòrán Ènìyàn?

Kumasi ni olú ìlú àwọn Àṣáńtì ní orílẹ̀-èdè Gánà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwòrán ìlú náà àti ti àwọn ará ibẹ̀ ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn: ọwọ́ aṣojú ìjọba òkèèrè, ọwọ́ oníwàásù, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ọwọ́ onífọ́tò àdúgbò, ọwọ́ ilé ìfọ-fíìmù, àti, ní àkókò yìí, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ni áàpù tí àwọn ènìyàn fi ń pín fọ́tò lórí fóònù. Ohun èlò yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán ènìyàn, ta ni ó ni ín? Ta ni ó lè tún un tẹ̀? Ta ni ó sì lè ní kí wọ́n má fi í hàn? Ní Kumasi, agbára yìí kì í sábà wà lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú àwòrán.

Àwòrán ṣáájú kámẹ́rà

Ní ọdún 1817, Thomas Edward Bowdich wá sí Kumasi gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Cape Coast. Asantehene Osei Bonsu ni ó wà lórí àpèrè nígbà náà. Ìwé tí Bowdich kọ nípa ìrìn-àjò náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1819, àwòrán ńlá kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀, tí ó fi ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún iṣu hàn, pẹ̀lú àwọn agboòrùn ńláńlá, àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ogun wọn. Ọwọ́ ni ó fi yà á, nítorí wọn kò tíì ṣe kámẹ́rà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti tà á, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí kò dé Kumasi rí ti ń tipasẹ̀ rẹ̀ sọ bí Kumasi ṣe rí. Ní oṣù Kejì ọdún 1874, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Garnet Wolseley dáná sun ìlú náà, Melton Prior, ayàwòrán ìwé ìròyìn Illustrated London News, wà lára àwọn tí ó bá ogun náà rìn. Àwọn tí ilé wọn jóná kò ní ìwé ìròyìn tiwọn tí wọn yóò fi ya ohun tí ojú wọn rí.

Kámẹ́rà oníwàásù àti ti ìjọba

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ya Kumasi déédéé ni Friedrich Ramseyer, ọmọ Switzerland, tí ó jẹ́ oníwàásù ìjọ Basel. Ìtàn òun pẹ̀lú ìlú náà ṣàjèjì. Ní ọdún 1869 ni àwọn ọmọ ogun Àṣáńtì mú òun àti ìyàwó rẹ̀ ní Anum, wọ́n sì wà ní ìgbèkùn ní Kumasi títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1874. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní ọdún 1896, Ramseyer padà wá láti dá ilé ìjọsìn sílẹ̀, kámẹ́rà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí Kumasi ti mú ní ìgbèkùn rí ni ó wá ń mú àwòrán Kumasi lọ sí ilẹ̀ rẹ̀. Ìjọ náà lo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ láti fi iṣẹ́ wọn han àwọn tí ń dáwó fún wọn ní Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn tí ó wà nínú wọn ni kò ní orúkọ nínú àkọlé tí wọ́n kọ sí ìdí àwòrán. Ilé ìpamọ́ ní Basel ni àwọn fọ́tò náà wà di òní olónìí. Ní ọ̀rúndún yìí ni wọ́n gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, débi pé akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kwame Nkrumah ní Kumasi lè rí ojú àwọn baba ńlá rẹ̀ lórí fóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Basel ni ojúlówó wà.

Ọdún 1896 yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì mú Asantehene Prempeh Kìn-ín-ní, ní ogúnjọ́ oṣù Kìn-ín-ní. Wọ́n mú un lọ sí Elmina, wọ́n mú un dé Sàró, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles ní ọdún 1900. Ọdún 1924 ni ó tó padà sí Kumasi. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà nílé kò mọ ojú rẹ̀ bí kò ṣe nípa ohun tí wọ́n gbọ́, nígbà tí fọ́tò òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ó lé e kúrò nílé.

Ìjọba amúnisìn wá sọ yíyà àwòrán di iṣẹ́ ìwádìí. Ní ọdún 1921 wọ́n yan R. S. Rattray láti ṣe ìwádìí nípa àṣà àwọn Àṣáńtì. Ìwé rẹ̀ Ashanti jáde ní ọdún 1923, Religion and Art in Ashanti sì tẹ̀lé e ní ọdún 1927, fọ́tò sì pọ̀ nínú wọn: ojúbọ, àwọn àgbà, ayẹyẹ Adae, àwọn ahunṣọ. Kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ Rattray. Ó gbọ́ èdè Twi dáadáa, ọ̀pọ̀ ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni àwọn Àṣáńtì fúnra wọn ń lò lónìí láti fi ṣe ẹ̀rí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pitt Rivers ní Oxford, kì í ṣe ní Kumasi. Ní ọdún 2024, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì ní Lọ́ńdọ̀nù kó ohun ọ̀ṣọ́ ààfin 32 wá sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ààfin Manhyia, tí wọ́n sì sọ pé àyálò ni, ariwo ta kárí ayé lórí wúrà. Ariwo bẹ́ẹ̀ kì í ta lórí fọ́tò, bóyá nítorí pé àwọn ènìyàn rò pé ohun tí wọ́n lè rí ẹ̀dà rẹ̀ ti padà sílé.

Onífọ́tò àdúgbò àti àpótí nẹ́gátíìfù

Etíkun ni iṣẹ́ fọ́tò láti ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ní Gold Coast. Ìdílé Lutterodt ní Accra ni orúkọ wọn kọ́kọ́ tàn. Gerhardt Lutterodt ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní àwọn ọdún 1870, àwọn ará ilé rẹ̀ sì gbé kámẹ́rà káàkiri etíkun. J. K. Bruce-Vanderpuije dá Deo Gratias sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1922. James Barnor sì dá Ever Young sílẹ̀ níbẹ̀ kan náà ní àwọn ọdún 1950. Kumasi wà láàárín igbó, ojú irin ni ó sì mú un sún mọ́ etíkun. Ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi dé ibẹ̀ ní ọdún 1903, ti Accra sì dé ní ọdún 1923. Ojú irin yìí ni gíláàsì, pépà àti oògùn ìfọ-fọ́tò ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ inú ìlú.

Oríṣi onífọ́tò méjì ni ó wà, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni onífọ́tò ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n ń pè ní wait-and-get ní Gánà. Àpótí pákó ni kámẹ́rà rẹ̀, inú àpótí náà sì ni yàrá òkùnkùn rẹ̀. Yóò ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti fọ pépà tí ó ti gba àwòrán, níbi tí funfun ti di dúdú, tí dúdú sì ti di funfun. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé pépà yìí síwájú ojú kámẹ́rà, yóò tún un yà, àwòrán gidi yóò sì jáde. Oníbàárà dúró gbà á, ó san owó, ó bá tirẹ̀ lọ. Fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Kò sí àkójọ, kò sí ìwé orúkọ; ohun tí ó kù lẹ́yìn iṣẹ́ kò ju pépà àìbáradé kan lọ, tí onífọ́tò lè sọ nù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìkejì ni onílé fọ́tò. Gíláàsì ni ó kọ́kọ́ lò, ó sì wá lo fíìmù. Pépà ni oníbàárà ń gbà. Nẹ́gátíìfù ń dúró sí ilé fọ́tò, nínú àpótí tàbí àpò ìwé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ẹ̀dà mìíràn, ọ̀dọ̀ onífọ́tò náà ni yóò padà lọ, yóò sì sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, àkójọ nẹ́gátíìfù ni àkámọ́ owó onífọ́tò. Òun náà sì ni ìrántí àdúgbò. Onífọ́tò mọ ẹni tí ó gbéyàwó, ó mọ ẹni tí ó kú, ó mọ ọmọ tí ó jáde ilé-ìwé, ó sì ní ẹ̀rí gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.

Òfin amúnisìn kò fara mọ́ èyí pátápátá. Òfin ẹ̀tọ́-àdàkọ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911, tí ó dé àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, sọ pé ẹni tí ó ni nẹ́gátíìfù nígbà tí wọ́n ṣe é ni a ó kà sí ẹni tí ó ṣe fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé bí ẹnì kan bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tí ó sì sanwó, ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, àyàfi bí wọ́n bá ti ṣe àdéhùn mìíràn. Ìyẹn ni pé oníbàárà ni ó ni ẹ̀tọ́, onífọ́tò sì ni ó ni gíláàsì. Ẹ̀tọ́ láìsí gíláàsì kò lè tẹ fọ́tò kan ṣoṣo. Nínú ayé gidi, àdúgbò ni ó ń ṣe ìdájọ́: onífọ́tò tí ó bá gbé àwòrán ìyàwó oníyàwó síta fún títà yóò pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí ó ń gbé láàárín wọn. Fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé fọ́tò bí àpẹẹrẹ iṣẹ́ jẹ́ ọ̀ràn mìíràn; inú ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dùn sí i.

Irú ètò yìí wà nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Nígbà tí Stephen Sprague ṣe ìwádìí nípa àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1978, ó rí i pé fọ́tò ti bọ́ sí ipò ère ìbejì nínú àwọn ìdílé kan. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Ọwọ́ tí ó ni nẹ́gátíìfù ni ó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní Kumasi, ìsìnkú ni ibi tí agbára yìí ti ń hàn jù. Ní àṣà Àṣáńtì, abusua, èyíinì ni ìdílé ìyá, ni ó ni òkú. Ọkọ, aya àti àwọn ọmọ lè sunkún, ṣùgbọ́n abusua ni ó ń pinnu. Fọ́tò olóògbé tí wọ́n sọ di ńlá a máa wà ní ojútáyé níbi ìsìnkú, ojú rẹ̀ sì ń wà lórí pépà ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri ìlú. Ẹni tí ó bá yan fọ́tò náà ni ó yan bí ayé yóò ṣe rántí olóògbé: nínú aṣọ kẹńtẹ́ ni, tàbí nínú kóòtù iṣẹ́ ìjọba, ní ọ̀dọ́ ni tàbí ní àgbà.

Ọdún 1969 àti ọdún 1971

Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn ìlú mìíràn ti wà nínú ọjà Gold Coast láti ọdún pípẹ́, Kumasi sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọn. Àwọn mìíràn ní ọmọ àti ọmọ ọmọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kó ẹrù tí ọwọ́ wọn ká, wọ́n sì gbọ̀nà ilé. Ìtàn òwò àti gbèsè tí wọ́n fi sílẹ̀ ni a máa ń gbọ́. Ti fọ́tò kì í sábà jáde. Fọ́tò tí ó wà lára ògiri ṣeé já, ó ṣeé dì mọ́ ẹrù. Nẹ́gátíìfù tí ó wà nínú àpótí onífọ́tò kò sí lára ohun tí oníbàárà lè bèèrè nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbéyàwó, ìkómọ àti ọdún iléyá tí wọ́n yà ní Kumasi dúró sí Kumasi.

Ìjọba yìí kan náà ni ó wá sọ níní àwòrán ẹnì kan di ọ̀ràn. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1971 ka gbígbé àwòrán Kwame Nkrumah jáde ní gbangba sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ pa ìrántí ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1972 ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia.

Nígbà tí nẹ́gátíìfù kúrò ní àdúgbò

Ẹ̀rọ tí ń fọ fọ́tò aláwọ̀ kíákíá, tí ó gbilẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, tú ètò àtijọ́ ká. Onífọ́tò kò nílò yàrá òkùnkùn mọ́. Ó ń ya fíìmù, ó ń gbé e lọ sí ilé ìfọ-fíìmù, ó sì ń pín pépà fún àwọn oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò àtijọ́ ti ilẹ̀kùn wọn, nẹ́gátíìfù sì bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Ohun tí ó ṣẹ̀ sí èyí tí kò bàjẹ́ ni a lè fi Seydou Keïta ti Bamako ṣàpèjúwe. Ní ọdún 1991, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ hàn ní New York láìmọ orúkọ ẹni tí ó yà á. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ kárí ayé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 2001, àwọn tí ń ta iṣẹ́ rẹ̀ gbé ara wọn lọ sí kóòtù lórí nẹ́gátíìfù. Àwọn ará Bamako tí wọ́n sanwó fún àwòrán ara wọn kò sí nínú ẹjọ́ náà.

Fóònù àti áàpù

Instagram bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, Facebook kéde pé òun yóò rà á ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Instagram gbé àdéhùn tuntun jáde tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí pé wọn yóò máa lo fọ́tò àwọn oníbàárà fún ìpolówó láìsan kọ́bọ̀ fún wọn. Ariwo ta, ilé-iṣẹ́ náà sì fa apá ìpolówó náà sẹ́yìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí ó kù nínú àdéhùn ni ó tilẹ̀ yẹ kí a wò dáadáa. Ó sọ pé oníbàárà ni ó ni fọ́tò rẹ̀. Ó tún sọ pé oníbàárà fún ilé-iṣẹ́ náà ní àṣẹ láti lò ó, láti dà á kọ, láti pín in, láti yí i padà, kárí ayé, láìsan owó, àti láti fi àṣẹ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Níbí, oníbàárà ni ó ni ẹrù, ṣùgbọ́n orí ẹlòmíràn ni ó gbé e lé, ẹlòmíràn náà ni ó sì mọ ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín èyí àti àpótí onífọ́tò Kumasi tí kò yẹ kí a fojú fò. Onífọ́tò gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, nítorí náà ó ní ìdí láti bẹ̀rù rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́-Àdàkọ Gánà ti ọdún 2005 ṣì wà nínú ọgbọ́n yẹn: bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹ̀tọ́ ajé tí ó wà nínú iṣẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ náà. Lórí áàpù, oníbàárà kò sanwó, kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni onífọ́tò. Ẹni tí wọ́n yà láìbéèrè níbi ìsìnkú tàbí nínú ọjà Kejetia kò sì ní ẹ̀tọ́-àdàkọ kankan rárá.

Òfin mìíràn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yà sí. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti ọdún 2012 dá àjọ kan sílẹ̀ ní Gánà láti máa ṣọ́ bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń lo ìsọfúnni nípa ènìyàn, fọ́tò sì wà lára ìsọfúnni. Òfin Ààbò Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2020 sọ pínpín àwòrán ìhòhò ẹlòmíràn láìgba àṣẹ rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ni. Òfin yìí ní ehín fún ẹni tí ó wà nítòsí, irú bí àfẹ́sọ́nà àtijọ́ tí ń gbẹ̀san. Ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Kalifọ́níà jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo oníbàárà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, ní oṣù Keje ọdún 2024, lórí bí ó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ wọn àti bí kò ṣe fún wọn ní irú ààbò tí ó fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn.

Ọjà tí ó wà nínú ojú ènìyàn tún ti gbòòrò. Clearview AI, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, kó bílíọ̀nù fọ́tò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè, ó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń dá ojú mọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Ìjọba Gánà fúnra rẹ̀ ń kó ojú jọ: ọdún 2020 ni wọ́n fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ ojú kún ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so káàdì SIM mọ́ káàdì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ìsìnkú ní Kumasi ń fi ìyípadà yìí hàn lọ́nà tí kò ní àṣírí. Lóde òní, inú fóònù tàbí ojú ìwé Facebook ni àwọn ará ilé ti ń wá fọ́tò tí wọn yóò lò fún pépà ìkéde. Èyí tí ó gba orí WhatsApp dé ti sábà súnkì kí ó tó dé, bí wọ́n bá sì sọ ọ́ di ńlá, ojú olóògbé a ṣú. Ojúlówó wà nínú fóònù tí a ti tì pa, tàbí lórí àkántì tí ọ̀rọ̀-àṣírí rẹ̀ bá olóògbé lọ. Facebook ní ètò fún àkántì ẹni tí ó ti kú: bí ẹbí bá fi ẹ̀rí ikú hàn, wọ́n lè sọ ọ́ di ojú ìwé ìrántí tàbí kí wọ́n pa á rẹ́, ẹni tí olóògbé bá sì ti yàn nígbà ayé rẹ̀ lè máa bójú tó o. Ilé-iṣẹ́ náà kì í fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀-àṣírí olóògbé láti fi wọlé. Kò sí àyè fún abusua nínú fọ́ọ̀mù náà.